Bàbá Áńbúróòsì, Ẹlẹ́rọ Ìjọ Àgùdà Amúkòkò

Ọjọ́ tí Jésù há sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà Amúkòkò, ọwọ́ Yínúsà ni okùn wà, mùsùlùmí ògidì tí kò mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Ká má parọ́, ó mọ̀. Bàbá Áńbúróòsì ni.

Ọlásúnkànmí ni orúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà nílé, Áńbúróòsì ni Fada fi ṣe ìrìbọmi fún un. Kéréènì ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wà ní wáàfù Àpápá. Yínúsà tó ń ru ẹrù níbẹ̀ ló máa ń so ẹrù mọ́ ìkọ́ fún un, inú ilé kan náà ni wọ́n sì ń gbé, yàrá kọjú sí yàrá. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, ìfẹ́ àtimáa gbé nǹkan sókè ò bá a fẹ̀yìn tì. Ibi tí yóò ti máa gbé e ló ń wá, ló bá rí ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́dún 1986, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ fẹ́ ṣe eré Ìgòkè-re-ọ̀run. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni pé Jésù á kàn gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Bàbá ní òun ò gbà.

"Ìyẹn kì í ṣe ìgòkè," ló wí. "Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní sísá lọ."

Ó so kẹ̀kẹ́ irin kan mọ́ igi àjà, ó fa okùn gba inú rẹ̀, ó sì fi bẹ́líìtì de Dickson tó ń lẹ táyà ní Bọ́ńdìrì, tó fẹ́ ṣe Jésù, lábẹ́ aṣọ funfun.

"Yínúsà, bí mo bá ti juwọ́, máa fà. Bí o ti ń ṣe ní wáàfù náà ni."

"Bàbá, àpò sìmẹ́ǹtì kì í sọ̀rọ̀ o."

"Jésù náà ò ní sọ̀rọ̀. Ó ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Yínúsà fà. Jésù gbéra nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ìjọ mí kanlẹ̀, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀run, okùn há sínú kẹ̀kẹ́. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀, ó kàn ń yí bírí bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́. Efe tó ń ṣe áńgẹ́lì kò kọ́ ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ. Ó bọ́ síwájú, ó bi àwọn àpọ́sítélì léèrè ohun tí wọ́n ń wò lókè.

Ohùn kan dáhùn láti òkè: "Na me dem dey look! I no fit come down!"

Àkàbà àwọn tó ń kun ilé ni wọ́n fi sọ Olúwa kalẹ̀.

Èèyàn mìíràn ì bá ti ronú pìwà dà. Bàbá ní kẹ̀kẹ́ ló kéré. Kò pẹ́ tó tún rí iṣẹ́ mìíràn. Etí Fada Tonye, àlùfáà ìjọ náà, ti ń wúwo, ẹni tó bá sì fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ pariwo. Àánú ìjọ ṣe Bàbá. Ó wá rọ́bà gbọọrọ kan tí wọ́n fi ń fa omi, ó ki àrọ bọ ẹnu rẹ̀, kí èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kó sì máa dún ketekete létí Fada. Rọ́bà náà gùn jù, ṣùgbọ́n Bàbá kì í gé nǹkan tó ṣì lè wúlò. Ó yí èyí tó ṣẹ́kù gba ojú fèrèsé jáde, ó sì dá a padà wọlé. Kò mọ̀ pé ó ti lu níbẹ̀.

Regina, olórí akọrin, ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn tó tò síta gbọ́ ohùn tó ń ti ara ògiri jáde.

"Fada, mi ò lè fara da ohùn Bàbá Áńbúróòsì mọ́. Bó bá ti ń kọrin, ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ ìwé orin lù ú."

Bàbá, tó wà lórí ìlà níwájú Yínúsà tó sìn ín wá, tẹ ẹnu mọ́ ihò rọ́bà náà.

"Regina, Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́. Èmi ṣì ń rò ó."

Igbe tí Regina ké, Fada gbọ́ ìyẹn láìlo rọ́bà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Fada kéde pé ẹ̀rọ Bàbá Áńbúróòsì ò gbọdọ̀ wọ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Bàbá ò jà. Ó lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé, ó káwọ́ lẹ́rán. Ó ti pẹ́ tí Yínúsà ti ń tọrọ ìsinmi lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí ìsinmi wá dé, kò dùn. Bàbá ò fẹ́ jẹun mọ́. Yínúsà gbé rédíò tó bàjẹ́ lọ bá a pé kó bá òun tún un ṣe.

"Gbé e lọ bá ẹni tí wọ́n gbà láyè," ni Bàbá wí.

Ọkàn Yínúsà bàjẹ́ gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ ba rédíò náà jẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Òjò ló gba Bàbá sílẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé àwọn ọmọ ìjọ lórí, ni àgbàrá bá ya bo Amúkòkò. Ọkọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù dúró sétí omi, kò lè wọlé, awakọ̀ sì ti fẹ́ yí i padà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọ tó wọ aṣọ funfun dúró sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sunkún. Fada Tonye ká súútánà rẹ̀ sókè, ó wọ́ omi kọjá, ó dúró níwájú Bàbá.

"Ambrose, abeg. Bring machine."

"Ẹ̀rọ wo, Fada? Ṣebí ẹ ti fòfin dè é."

"Ambrose, I say abeg!"

Ká tó wí, ká tó fọ̀, Bàbá ti yọ ilẹ̀kùn yàrá ara rẹ̀, òun àti Yínúsà ti so dúrọ́ọ̀mù òfìfo mọ́ abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé àga lé e. Bíṣọ́ọ̀bù wo omi, ó wo ilẹ̀kùn, ó wá bi Yínúsà bóyá kò ní rì.

"Ẹ bi Bàbá, sà," ni Yínúsà dáhùn. "Mùsùlùmí ni mí."

Yínúsà ń fà níwájú, Bàbá ń tì lẹ́yìn, omi mù wọ́n dé ìbàdí. Regina gbé orin lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá gbè é pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Regina ò dá a dúró. Àní, ó juwọ́ sí i pé kó gbé ohùn sókè. Bíṣọ́ọ̀bù gúnlẹ̀, bàtà rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Fada tó ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ lẹ́yìn fẹ́ fò gorí ilẹ̀kùn náà, ló bá já sómi, gbàmù.

Bàbá na ọwọ́ sí i. "Ti Bíṣọ́ọ̀bù ni mo ṣe, Fada. Ẹ ò tíì tọrọ tiyín."

Lọ́dún 1997, Bàbá Áńbúróòsì sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kò jí mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, onílé ní kí wọ́n wá palẹ̀ irin tó kún ẹ̀yìnkùlé mọ́. Yínúsà pe Regina àti Fada. Lábẹ́ tapólì, wọ́n bá nǹkan kan tí Bàbá ò tíì ṣe parí: ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, egungun agbòòrùn, ìdérí ìkòkò, àti irin ìdìmú méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.

Regina ní ẹ̀rọ ìgúnyán ni. Fada ní fáànù ni, Bàbá fẹ́ fi pa òun lórí pẹpẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Regina fi fi gèlè nu ojú, kò sì tètè gbé gèlè náà kúrò lójú.

Yínúsà ò bá wọn jiyàn. Ìdìmú méjì náà ló ń wò. Ẹni méjì ni Bàbá ní lọ́kàn, kò sì sí iyèméjì nípa ẹni kejì.

Onírin-àlòkù ti ọmọlanke rẹ̀ wọlé. "Ṣé kí n gbé èyí náà?"

Yínúsà di ìdìmú kan mú. Regina di ìkejì mú. Wọ́n jọ yí i. Nǹkan kan ró kẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà, egungun agbòòrùn ṣí díẹ̀, ó sì dúró.

"Má gbé e," ni Yínúsà wí. "Ó ń ṣiṣẹ́."

Kò sẹ́ni tó bi í pé iṣẹ́ wo.