Ọjọ́ Mẹ́ta Ni Wọ́n Fi Jiyàn Lórí Kọ́ńtíráàtì Tí Ẹnì Kankan Ò Kà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀ lónìí. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í kọ nǹkan púpọ̀ síbí. Tiyín ni mo máa ń kà, màá rẹ́rìn-ín, màá sì kọjá. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lóṣù tó kọjá, tí mi ò bá sọ ọ́, á máa yọ mí lẹ́nu.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé àti fọ́tòkọ́pì ni mo ní, níwájú agboolé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọkọ mi ti kú, kí Ọlọ́hun dárí jì í. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ni Rọ́kíbà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ku ọdún kan kó jáde ní sẹ́kọ́ńdírì.

Bọ́ọ̀lù ni Rọ́kíbà ń gbá. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀! Èmi náà kọ́kọ́ bá a jà. Ó máa ń fi híjáàbù rẹ̀ wé orí pinpin, á wọ ṣòkòtò gígùn, á sì dúró sáàárín pápá. Ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, kò sẹ́ni tó ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó yá, mo dákẹ́. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wò ó.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni bẹ́ńṣì àwọn ọkùnrin àdúgbò wà. Tí wọ́n bá ti kírun Ásárì tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló kù. Ẹni tó yẹ kó kúrò, ẹni tó yẹ kó dúró, ẹni tí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ ku oṣù mẹ́fà. Wàsíù tó ń kun ilé ni wọ́n ń pè ní Lọ́yà, nítorí kò sí agbábọ́ọ̀lù kan nílẹ̀ òyìnbó tí kò mọ ọdún tí kọ́ńtíráàtì rẹ̀ máa parí. Ó mọ̀ ọ́n ju ọjọ́ tí wọ́n bí ìyàwó rẹ̀ lọ! Alátakò rẹ̀ ni Tíṣà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Alága wọn sì ni Bọ̀dá Alhájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ilé wa.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ gbé ẹ̀rọ kan fún àtúnṣe ní Obalende. Kí n tó dé, kóòṣì kan ti wá láti akádẹ́mì bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin kan lókè odò. Ó ní àwọn ti ń wo Rọ́kíbà láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn fẹ́ mú un.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Bọ̀dá Alhájì ṣe. Bí ìgbà tí èèyàn wá tọrọ ìyàwó ló ṣe gba ọkùnrin náà! Ó mú un wọ pálọ̀, ó bi í nípa ìdílé rẹ̀, ó gbé obì kalẹ̀, ó ṣàdúà. Kóòṣì náà gbé bàtà bọ́ọ̀lù tuntun àti páálí mọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, Bọ̀dá Alhájì gbà á, ó ní, "A ti fún yín lọ́mọ." Ó parí! Ọkùnrin náà fi ìwé kọ́ńtíráàtì sílẹ̀ pé òun máa padà wá gbà á lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú.

Nígbà tí mo dé tí mo gbọ́, inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ ò ní dùn? Rọ́kíbà ti wọ bàtà náà, ó ń fò káàkiri àgbàlá. Mo rọra béèrè ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Bọ̀dá Alhájì ní kóòṣì ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ọdún márùn-ún ni, àti pé láti ayé bàbá àwọn, ilé yìí kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Mo ní ó dáa, sà.

Bí bẹ́ńṣì ṣe gbaná nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jiyàn. Wàsíù ní kí ọmọ buwọ́ lùwé kíá, pé agbábọ́ọ̀lù tí kò bá kúrò nílé kò lè dàgbà. Tíṣà ní ọmọ tó ṣì ń kàwé ni wọ́n fẹ́ já bíi máńgòrò tí kò tíì pọ́n.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa níwèé láti kékeré, ẹ wo ibi tá a jókòó sí!" Wàsíù ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Wàsíù? Ṣé inú kíláàsì mi lo ti kàwé ni, àbí ẹ̀yìn ògiri tó o ti ń gbá bọ́ọ̀lù?"

Èmi ń tẹ̀wé mi, mò ń gbọ́ wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Bọ̀dá Alhájì mú ìwé náà wá pé, "Ìyàwó wa, bá wa ṣe ẹ̀dà mẹ́rin, kí kálukú rí i lọ́wọ́." Ìgbà yẹn ló yé mi. Láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò tíì sí ẹni tó kà á!

Ẹ̀rọ mi ti gbó. Tó bá ṣe ojú ewé méjì, á gbóná, màá dúró kó tutù. Ibi tí mo ti ń dúró ni mo ti ń kà á, bí mo ṣe máa ń ka iṣẹ́ oníbàárà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àmì kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé kẹta ni mo ti rí i. Ọdún márùn-ún ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí ọdún márùn-ún bá pé, akádẹ́mì lè fi márùn-ún mìíràn kún un bó bá wù wọ́n. Bó bá wù wọ́n. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé bó bá wu agbábọ́ọ̀lù.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Ọmọ mi á ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n!

Kí ni kí n ṣe? Nílé wa, ìyàwó ilé kì í dá sí ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì. O máa kúnlẹ̀, o máa kí wọn, o máa kọjá. Tí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, mo ti sọ Bọ̀dá Alhájì di ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ọdún mẹ́wàá ọmọ mi ló ń lọ yẹn.

Mo kó ẹ̀dà náà, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Bọ̀dá Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà lójú ewé kẹta tí kò yé mi dáadáa. Ẹ bá mi bẹ Lọ́yà kó là mí lọ́yẹ."

Wàsíù gbọ́ pé òun ni wọ́n pè, ó na ọrùn! Ó gba ìwé, ó kà á sókè. Ó ní ṣé èyí náà ló le, pé àfikún ọdún nìyí, pé agbábọ́ọ̀lù kan wà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò lè lọ, wọn ò sì jẹ́ kó máa gbá... Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọlẹ̀. Ó padà sókè ìwé. Ó tún un kà, sínú lọ́tẹ̀ yìí.

"Alhájì, ọdún mẹ́wàá ni o."

Mo rò pé Tíṣà máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó kàn bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Bọ̀dá Alhájì mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti fẹnu gbé ọmọ kalẹ̀, báwo ni òun ṣe fẹ́ gbé e padà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ibi tí ohùn mi ti wá. Mo ní èmi ò sọ pé kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn padà o. Ṣùgbọ́n bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìyàwó ni wọ́n wá tọrọ, tí ẹbí ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣé Lèmọ́mù kì í bi ọmọ náà léèrè kí wọ́n tó so yìgì ni? Ta ló ti bi Rọ́kíbà?

Bọ̀dá Alhájì yíjú sí ẹnu ọ̀nà ilé. Ó wá ní, "Ẹ pè é wá."

Rọ́kíbà dé, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó ní òun fẹ́ lọ, ó wu òun gan-an. Ṣùgbọ́n òun fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde òun, kí ó sì jẹ́ ọdún méjì ná. "Kí wọ́n wò mí, kí èmi náà wò wọ́n."

Bí wọ́n ṣe rọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi láti kọ lẹ́tà sí akádẹ́mì nìyẹn! Wàsíù ń sọ ohun tá a máa béèrè, Tíṣà ń tún gírámà rẹ̀ ṣe, Bọ̀dá Alhájì ń sọ látẹ̀yìn pé, "Ẹ kọ́kọ́ kí wọn dáadáa, a kì í ṣe jàgídíjàgan!" Èmi ń tẹ̀ ẹ́.

Kóòṣì náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó ka lẹ́tà náà, ó bínú. Ó ní àwọn òbí tó kù ò béèrè ìbéèrè, pé ọmọ pọ̀ tó ń dúró de ààyè yìí. Bọ̀dá Alhájì ní a ò gba ọmọ wa padà, bí ìrìn náà ṣe máa gùn tó la ń sọ. Ọkùnrin náà mú lẹ́tà wa, kò sì ṣèlérí kankan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí ohùn. Rọ́kíbà kì í bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan ó bi mí pé, "Mọ́mì, tí wọn ò bá padà wá mọ́ ńkọ́?" Mo ní mi ò mọ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹwàá, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá akádẹ́mì náà pè mí fúnra rẹ̀. A sọ̀rọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Wọn ò gba ọdún méjì, ọdún mẹ́ta ni. Wọn ò gbà kó máa wálé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kó ṣe ìdánwò rẹ̀, wọ́n sì gbà pé tí ọdún mẹ́ta bá pé, kò sí àfikún àyàfi tí àwa náà bá fọwọ́ sí i. Mo bi í nípa àwọn ọmọ yòókù. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, ṣùgbọ́n òun máa tún ìwé náà wò. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó má gbàgbé.

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ buwọ́ lù ú, wọ́n gbé bírò fún Bọ̀dá Alhájì gẹ́gẹ́ bí olórí ilé. Ó gbà á, ó wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ojú ewé, a ń dúró dè é. Ó wá na bírò sí mi. Ó ní, "Ibi tí wọ́n kọ òbí sí nìyí. Ìwọ ló ni ín. Èmi máa ṣe ẹlẹ́rìí."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Rọ́kíbà ń lọ. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, inú mi sì ń dùn.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ó dáa ká fẹ́ kí ọmọ wa ga, ṣùgbọ́n ká ka ìwé ká tó jiyàn lé e lórí, ká sì bi ọmọ náà léèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́ bíi tèmi, ìbéèrè tẹ́ ẹ rò pé ó kéré yẹn, ẹ béèrè rẹ̀. Àgbà tó bá jẹ́ àgbà lóòótọ́ á fún yín láyè.

Ta ló ní ọmọ tó ti buwọ́ lu irú ìwé yìí rí? Kí lẹ bá nínú rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí fún mi. Màá ka gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.