Aṣọ Tí Wọ́n Fọ̀ Létí Odò Dora

Òórùn aáyù ló máa ń jí ọjọ́ Sátidé wa ní Torino, ní ilẹ̀ Italy. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀, Signora Piera, ọ̀gá màmá mi, á ti gbé ìkòkò amọ̀ kaná láti ìdájí. Òróró ólífì á máa hó díẹ̀díẹ̀, aáyù á máa yọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́, títí gbogbo rẹ̀ á fi di ọbẹ̀ kan tó ki, tí òórùn rẹ̀ ń wọ aṣọ, tó ń wọ irun, tó sì ń bá mi dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bagna cauda ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì mi mìíràn máa ń dimú bí mo bá jókòó tì wọ́n. Màmá mi ní tiwọn sọ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀ pé ó rán àwọn létí irú tó wà nínú ìkòkò ìyá àwọn, pé ìlú tí ọbẹ̀ rẹ̀ bá lè rùn báyìí, ìlú tó ní ìtàn ni.

Ẹ̀yìn ọjà Porta Palazzo ni ilé oúnjẹ Signora Piera wà. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé oúnjẹ àtijọ́ tí àwọn ará Torino ń pè ní piola. Bàbá bàbá Signora ló dá a sílẹ̀ fún àwọn alábàárù ọjà, kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ kí wọ́n sì mu wáìnì díẹ̀ kí iṣẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Tábìlì onígi ibẹ̀ ti dán nítorí ìgbọ̀nwọ́ àwọn èèyàn, fọ́tò àwọn òkú ìdílé náà sì wà lára ògiri, tí irùngbọ̀n wọn rí gàgàrà. Wọn kì í tì í lọ́jọ́ ọjà. Bí òjò ń rọ̀, bí yìnyín ń bọ́, ilẹ̀kùn á ṣí.

Ilé ìdáná ibẹ̀ ni màmá mi ti ń ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ní Torino, abọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fọ̀ kí Signora tó fi wọ́n sídìí iná. Bàbá mi wà ní ilé iṣẹ́ irin kan ní Bergamo, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la sì máa ń rí wọn, nígbà míì a kì í tiẹ̀ rí wọn. Nítorí náà, lọ́jọ́ Sátidé tí n kì í lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yìn màmá mi ni mò ń tọ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò kúrò lára wọn. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ń gbé ìlú tí kò béèrè ìtàn ìlú náà, bí àlejò ni yóò kú síbẹ̀. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n á fà mí lọ́wọ́ ká lọ wo nǹkan. A máa ń lọ wo iná ńlá tí wọ́n ń dá ní gbàgede lóṣù kẹfà fún ẹni mímọ́ tó ni ìlú. A máa ń dúró níta àwọn ilé kọfí àtijọ́, ká máa wo dígí wọn tí wọ́n fi wúrà kùn létí. Lọ́jọ́ ìbí mi kan, a wọlé, a sì jọ mu ife kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọfí, ṣokoléètì àti wàrà ṣe. Yorùbá ni màmá mi fi ń ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, èdè Italy ni mo fi ń dáhùn. "Ṣé o gbọ́, Àṣàkẹ́?" "Sì, mamma."

Ẹni tó ń bá màmá mi ṣiṣẹ́ nídìí iná ni Àǹtí Elvira. Ará Peru ni wọ́n, láti ìlú kékeré kan lórí òkè ní agbègbè Cusco. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èdè Italy ni wọ́n fi ń parí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá jó wọn lọ́wọ́, èdè ìyá wọn ni wọ́n fi ń ké. Ìfẹ́ ata ló sọ àwọn méjèèjì di ọ̀rẹ́. Àwọn ni wọ́n jọ ń wá ata kiri ọjà títí Signora fi gbà kí wọ́n fi díẹ̀ sí ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi ń jẹ ẹran. Lóṣù kẹwàá, àwọn ará Peru máa ń gbé àwòrán Jésù lórí àgbélébùú sí èjìká, wọ́n á gbé e yí ìlú ká, tọkùnrin tobìnrin nínú aṣọ elésè-àlùkò. Àwọn obìnrin tó gbé tùràrí máa ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn ni, kí wọ́n má baà kọ ẹ̀yìn sí Olúwa wọn. Àǹtí Elvira wà lára wọn. Lórí aṣọ elésè-àlùkò náà ni wọ́n máa ń da ìborùn kan sí, pupa àti dúdú, tí ẹyẹ wà lára rẹ̀. Ìyá wọn ló hun ún, ìyá náà sì ti lò ó pẹ́ kó tó bọ́ ọ lọ́rùn ara rẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kúrò nílé. Èmi àti màmá mi máa ń tẹ̀ lé wọn títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá màmá mi kú ní Abẹ́òkúta. A ò ní fóònù nílé, ti piola ni àwọn ará ilé máa ń pè. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ búrẹ́dì, nígbà tó dún. Màmá mi gbé e sétí, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ní, "Mo gbọ́. Ẹ ṣeun," wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n sì padà sídìí ìkòkò. Permesso di soggiorno wa, ìwé tí ìjọba fi ń gbà wá láyè láti gbé Italy, wà nídìí àtúnṣe nígbà náà. Ẹni tó bá jáde kò mọ̀ bóyá òun á lè padà wọlé, bàbá mi kò sì lè dá tọ́ mi láti Bergamo. Màmá mi kò lọ. Lọ́sẹ̀ náà, níbi tí wọ́n ti ń dirun fún mi, wọ́n kàn sọ lójijì pé, "Ẹni ọmọ sin ló bímọ."

N kò rí omi lójú wọn. Èmi tí mo ti sunkún ọjọ́ kan gbáko nítorí ọmọláńgidi tí mo gbàgbé sínú bọ́ọ̀sì, kò yé mi. Mo bi wọ́n bóyá wọn kò fẹ́ràn Bàbá Àgbà ni. Wọ́n kàn ń di irun náà lọ títí ó fi tán.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ Sátidé kan, fóònù piola tún dún. Signora ló gbé e, wọ́n sì pe Àǹtí Elvira. Ìyá wọn ti kú lórí òkè lọ́hùn-ún. Àǹtí Elvira padà wọ ilé ìdáná, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èèpo ẹ̀fọ́. Wọn kò pariwo. Ìwé tiwọn náà ṣì wà lọ́nà, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Màmá mi pa iná, wọ́n jókòó tì wọ́n tàwọn ti épírónì funfun wọn, wọ́n sì di ọwọ́ wọn mú.

Signora dúró lẹ́nu ọ̀nà wò wọ́n. Ọjọ́ ọjà ni, èrò ti kún tábìlì. Signora bọ́ épírónì tiwọn, wọ́n jáde sí àwọn oníbàárà, wọ́n ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dìde, àwọn fẹ́ tilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti ayé bàbá Signora béèrè ẹni tó kú.

"È morta la mamma," ni Signora wí. Màmá ti kú. Wọn kò sọ pé màmá ta ni. Àwọn ọkùnrin náà ṣí fìlà, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ náà ni Àǹtí Elvira sọ fún wa pé ní ìlú àwọn, bí ó bá di ọjọ́ karùn-ún, àwọn ẹbí á kó aṣọ òkú lọ fọ̀ ní odò, kí ọkàn rẹ̀ lè rọ́nà lọ. Àwọn àbúrò wọn á fọ̀ ọ́ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní àwọn kò ní nǹkan ìyá àwọn kan níbí ju ìborùn náà lọ. Signora ní odò Dora kò jìnnà sí ọjà, pé orí òkè ni omi tirẹ̀ náà ti ń ṣàn wá.

Bí a ṣe lọ lọ́jọ́ karùn-ún nìyẹn. Màmá mi wá mú mi nílé ẹ̀kọ́, a sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi, níbi tí òkúta pọ̀ sí. Òtútù ń ta wá létí. Àǹtí Elvira kúnlẹ̀, wọ́n ri ìborùn náà sómi, wọ́n sì ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, wọ́n ń bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ lédè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Signora, tí orúnkún ń dùn, kúnlẹ̀ tì wọ́n. Màmá mi dúró lẹ́yìn wọn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣí báàgì wọn, wọ́n sì yọ bùbá ọkùnrin kan jáde, funfun, tí ọrùn rẹ̀ ti gbó. Mo mọ bùbá náà nínú fọ́tò. Ti Bàbá Àgbà ni. Yàrá méjì péré là ń gbé, síbẹ̀ n kò fojú kàn án rí.

"Elvira," ni màmá mi wí, "ṣé mo lè fọ tèmi náà?"

Àǹtí Elvira sún fún wọn.

Bí omi ṣe gba bùbá náà, ẹkún bú jáde lára màmá mi. N kò mọ̀ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ wà nínú wọn. Wọ́n ń fi oríkì pe bàbá wọn, wọ́n ń ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Ẹ má bínú, n kò rọ́nà wá." Signora gbá wọn lẹ́yìn mú kí wọ́n má baà yọ̀ sómi. Ẹ̀rù bà mí. Mo sún mọ́ wọn, mo di aṣọ wọn mú, wọn kò sì lé mi.

Nígbà tí a padà, wọ́n sá aṣọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, Àǹtí Elvira sì se ọbẹ̀ ànàmọ́ òyìnbó tí ìyá wọn fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni Signora ti sọ fún wa pé yàrá òkè ni ìyá tiwọn kú sí, nígbà tí àwọn ń gbé abọ́ kiri fún oníbàárà nísàlẹ̀, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni. "Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti ilẹ̀kùn," ni wọ́n wí. A jẹun tán, ẹnikẹ́ni kò yára dìde.

Ìwé Àǹtí Elvira jáde lẹ́yìn òtútù, wọ́n sì lọ dúró níbi sàréè ìyá wọn. Tiwa jáde lẹ́yìn ìyẹn, màmá mi sì mú mi lọ sí Abẹ́òkúta. Níbi sàréè Bàbá Àgbà, wọn kò sunkún. Mo gbọ́ tí àwọn ẹbí ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ìlú òyìnbó ti gbẹ ojú rẹ̀. Èmi ọmọdé tí mo dúró láàárín wọn mọ ohun tí wọn kò mọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá mi kò tó láti sọ ọ́.

Signora Piera ti kú, wọ́n sì ti ta piola náà. Padova ni mo ń gbé báyìí, mò ń kọ́ni ní yunifásítì, ọmọ mi náà sì ń fi èdè Italy dá mi lóhùn. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi, tí wọ́n ti padà sílé láti ìgbà pípẹ́, kú ní Abẹ́òkúta. Ìwé ìrìnnà Italy wà lọ́wọ́ mi. Mo wọ ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì, mo bá àwọn ará ilé sin wọ́n, mo sì sunkún níbi tó bá wù mí: nínú ọkọ̀, nínú pálọ̀, lórí èjìká àwọn mọ̀lẹ́bí. Àwọn ará ilé yìn mí pé mo ṣe ọmọ. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ná mi ní nǹkan púpọ̀.

Ọmọ tí wọ́n ń dirun fún lọ́jọ́sí rò pé ẹni tí kò sunkún kò fẹ́ràn òkú rẹ̀. Èmi tí mo ti dàgbà ju màmá mi ìgbà yẹn lọ ti wá mọ̀ pé wọn kò rí ibi tí wọ́n á ti sunkún ni. Àwọn obìnrin méjì tí kò gbọ́ Yorùbá ló wá ibẹ̀ fún wọn.