Ẹni Tó Ti Jàmáíkà Wá Gbé Ládùúgbò Wa

Òórùn àlùbọ́sà àti panla tó ń hó nínú òróró ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé. Ìyá àgbà mi á yọjú lójú fèrèsé, á ní, "Ó tún ti ń se iṣin o!" Gbogbo àwa ará Kábbà, bí a bá ti ká iṣin lórí igi la ti ń jẹ ẹ́. Obìnrin yìí nìkan ló ń gbé e kaná.

Màmá Tíṣà là ń pè é. Erékùṣù Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí. Ìlú Òyìnbó ló ti pàdé ọkọ rẹ̀, ọmọ Kábbà tó lọ kàwé níbẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e wálé. Ilé wọn kọjú sí tiwa. Ó ń sọ èdè Owé wa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun òkè, àmọ́ bó bá fi ìkíni wa kí ọ ní "Okun o," wàá rò pé nílé wa ló ti kọ́ ọ.

Èmi ló máa ń bá a ṣa iṣin. Èyí tó bá ti là fúnra rẹ̀ nìkan ló ń mú. Á gbọn kóró dúdú dànù, á fi èékánná yọ fọ́nrán pupa inú rẹ̀.

"Èyí tí kò bá tíì yanu, májèlé ni," ló máa ń sọ. "Ìyá-ìyá mi ló kọ́ mi."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ohun tí ìyá tèmi náà sọ nìyẹn."

Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo ti gbọ́ ìtàn ilẹ̀ wọn. Àwọn Òyìnbó gé igbó kúrò, wọ́n gbin ìrèké títí dé etí òkun, wọ́n wá ń fi ọkọ̀ kó èèyàn láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ ṣẹrú nínú oko náà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló gbé iṣin débẹ̀. Ẹja oníyọ̀ tí kò wọ́n ni wọ́n fi ń bọ́ àwọn ẹrú náà; panla ló fi rọ́pò rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí oko ẹrú parí, ilẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá.

"Ìyá-ìyá mi kò ṣẹrú," ó ní, "síbẹ̀ oko wọn náà ló ti gé ìrèké títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀."

Ọkọ Màmá Tíṣà kú. Wọn kò bímọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn àgbà ìdílé ọkọ pé jọ síwájú ilé, àwa ará àdúgbò náà sì wà níbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyàwó wa, ilé ọmọ wa nìyí. Àwọn kan ń sọ pé kí o padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ. Ọmọ ta ni ọ́? Ta ni kí a ránṣẹ́ pè?"

Ó gbójú sókè wo bàbá náà. Ewúrẹ́ ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn wa.

"Bàbá, orúkọ tí ilé wa ń jẹ́, orúkọ ẹni tó ra bàbá ńlá wa ni. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n."

Ìyá àgbà gbé àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó tì í.

"Ọ̀pọ̀ ni ogun kó lọ nílẹ̀ Okun yìí tí a kò gbúròó wọn mọ́. Bí wọ́n bá bi àwọn náà báyìí nílùú onílùú, kí ni wọn ì bá sọ? Ẹ ránṣẹ́ pè mí. Èmi lèèyàn rẹ̀."

Màmá Tíṣà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màmá, n kò mọ̀ bóyá ibí ni wọ́n ti kó wa o."

"Èmi náà kò mọ̀."

Bàbá náà wo ilẹ̀, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ti lẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tán."

Inú ilé náà ló gbé títí ó fi darúgbó, Kábbà la sì sin ín sí.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí Màmá Tíṣà nígbà yẹn lọ. Mo ti rí àwọn tó ń fi irọ́ wá ìbátan, mo sì ti rí ọmọ ìyá tí kò mọ ara wọn mọ́. Àwọn obìnrin méjì yẹn kò pa irọ́ kankan. Wọ́n gbà pé àwọn kò mọ̀, wọ́n sì di ẹbí.