Aṣọ Abẹ́ Omi Kì Í Ṣe Àwọ̀dàgbà

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo ta aṣọ abẹ́ omi fún, orí rẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀ nínú omi, ẹsẹ̀ rẹ̀ léfòó sókè bíi ti àdán. Èmi ni mo ṣokùnfà rẹ̀.

Òkìrìkà aṣọ iṣẹ́ ni mo ń tà ní Peckham: ovaróòlù, bàtà onírin, ẹ̀wù òjò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n tí mo bá wo ìdí ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ sáìsì ṣòkòtò rẹ̀. Ìmọ̀ yìí ló kó bá mi.

Rukayat, ọmọ tí wọ́n bí sí flat òkè wa, ń kọ́ iṣẹ́ abẹ́ omi tútù. Ìdánwò rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́wàá, nínú adágún kan tó tutù bíi pé inú fíríìjì ni wọ́n ti gbé e jáde. Tí kò bá yege, ẹlòmíràn ni yóò gba iṣẹ́ rẹ̀. Tíṣà rẹ̀ ní kó lọ wá drysuit, aṣọ tó bo ènìyàn láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tí omi kì í wọ̀. Méjì wà nínú ẹrù tí mo rà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tó kógbá sílé. Ọ̀kan ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀, èkejì fẹ̀ bí àgọ́.

Mo ní kó mú èyí tó fẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Yúnifọ́ọ̀mù tí ìyá mi rà fún mi ní kíláàsì kìíní, mo kúrò níléèwé, n kò tíì kún inú rẹ̀.

"Aunty, ṣé kò ti big jù?"

"Ṣé o kò ní sanra ni?"

Ó gbà. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Rọ́bà ọrùn aṣọ náà le díẹ̀, mo bá fi òrí pa á, bí mo ṣe ń fi pa gbogbo ohun tó bá le.

Ní Thursday tó tẹ̀lé e, ó gbé aṣọ náà padà wá. Wọ́n ti dán an wò nínú odò ìwẹ̀, afẹ́fẹ́ inú aṣọ sá lọ síbi ẹsẹ̀, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ènìyàn méjì ló fà á jáde. Tíṣà bi í pé ta ló tà á fún un, kò dárúkọ mi. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, Sunday ni.

Mo ránṣẹ́ pe Alhaji Làsísì, tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ ha ìdí ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ omi ní Àpápá. Ó gbóòórùn ọrùn aṣọ náà.

"Ìyá Ṣẹ́rífà, kí lẹ fi pa á?"

"Òrí ni."

"Ṣé ọmọ jòjòló ni?"

Ó ní òróró ń jẹ rọ́bà bí ikán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn. Páúdà ni wọ́n ń fi sí i. Ó ní aṣọ yìí fúnra rẹ̀ kì í mú ènìyàn móoru, ògiri lásán ni. Aṣọ tó nípọn tí a wọ̀ sínú ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, Rukayat kọ́kọ́ wọ ti inú, ó wá wọ èyí tó ṣe rẹ́gí lé e. Alhaji ní kó lóṣòó, kó di èjìká ara rẹ̀ mú, kó na ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn. Kò fà, kò sì ṣẹ́kù. Àmọ́ ọrùn rẹ̀ ń fún un.

"Mi ò lè mí, Aunty." Omi ti lé sí i lójú.

Mo mú síṣọ́ọ̀sì. Alhaji gbà á lọ́wọ́ mi.

"Tẹ́ ẹ bá gé e jù, kò sí lílẹ̀ o. Ẹ ní ìkòkò?"

Ó ní a ó na rọ́bà náà sára ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi ju ọrùn ọmọ náà lọ, yóò sì rọ̀. Kò sí ìkòkò ilé mi tí kò mọ epo pupa. Mo fi ọṣẹ fọ ìkòkò ọbẹ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹrin títí ó fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni aṣọ fi dè é mọ́ra, búrẹ́dì la sì ń jẹ nílé.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ní Sunday, Rukayat yà sí ìsọ̀ mi. Ó fa aṣọ tó wọ̀ sínú jáde nínú báàgì, ó ki ọwọ́ mi bọ ọrùn aṣọ náà. Ó gbẹ táútáú.

"Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la," ló wí. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta big one yẹn fún ẹnikẹ́ni."

N kò tà á. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ni mo gbé e kọ́ sí. Oníbàárà tó bá ní òun fẹ́ ohun tó fẹ̀ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa ń kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ gba ayálégbé sínú rẹ̀.