Ohùn Ìyá Mi Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Òórùn òkúta rédíò, ìyẹn bátìrì, tó ti gbóná lójú oòrùn ni mo fi ń mọ̀ pé ìyá mi máa lọ sí Ibafo lọ́jọ́ kejì. Láti àárọ̀ ló ti máa tò wọ́n sórí páànù lẹ́yìn ilé wa ní Ifo. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n: òkúta tó ti ń kú lọ, a kì í jù ú nù, ńṣe la máa ń sá a bí ẹ̀lùbọ́.

Èmi nìkan ló bí, bàbá mi sì ti kú. Bó bá ti lọ ta aṣọ òkìríkà ní Ibafo, tí mo dé láti iléèwé, èmi ni mò ń ṣọ́lé. Ojo ni mí nídìí ìyẹn. Bí aláǹgbá bá sáré lórí páànù, èmi náà á sáré. Ìyá mi wá là á mọ́lẹ̀ pé, "Àkànní, bí mo bá tún dé tí mo bá ẹ níta tí ò ń sunkún, ọ̀dọ̀ bọ̀ọ̀dá mi ní Ibogun lo máa lọ gbé." N kò sì fẹ́ lọ ibì kankan tí ìyá mi kò sí.

Kó má baà lé mi lọ, ó dá ọgbọ́n kan. Ó yá ìwé ìtàn, ó jókòó ti rédíò wa, ó sì ka ìwé náà sínú kásẹ́ẹ̀tì tí màá máa gbọ́ bí kò bá sí nílé. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ló ti kọ́ ìwé, nítorí náà ó ń kà á bí ẹni tó ń rìn lórí ẹrẹ̀. Á húkọ́. Á lé adìẹ. Bí ọba inú ìtàn bá ṣìwà hù, á dúró bú u: "Ẹ ò rí aláìnírònú yìí?" Bó bá sì dé àárín, á ní, "Àkànní, o ti jẹun?" Èmi náà á dá rédíò lóhùn pé, "Mo ti jẹun, mà."

Mowe ni mo wà báyìí. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí, ojú mi ò sì gbé lẹ́tà mọ́, ìyẹn ni ọmọ àbúrò rẹ̀ fi kó ìwé àfetígbọ́ sórí fóònù mi. "Ọ́ńkù, ẹ ṣáà máa tẹ ibí yìí, wọ́n á máa kà á fún yín." Mo sì ń tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ ìfẹ́ bí ẹni ń ka ìròyìn ìjàm̀bá ọkọ̀. Obìnrin kan wà tó máa ń sunkún ṣáájú ọ̀rọ̀ ẹkún. Tó bá ti fa imú báyìí, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan máa kú. Ọ̀dọ́kùnrin kan tún wà, bó bá fẹ́ ṣe ohùn obìnrin, bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ló ń ké. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ni mo gbà fún. Kì í kánjú, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ṣùgbọ́n òun náà ò bi mí rí bóyá mo ti jẹun.

Òjò ló ba tèmi jẹ́. Ó rọ̀ títí, òkúta ò rí oòrùn, ìyá mi sì fi wọ́n sínú rédíò bẹ́ẹ̀ kó tó lọ. Mo dé láti iléèwé, mo tẹ̀ ẹ́. Ibi tí òkú obìnrin kan ti ń padà bọ̀ wálé ni ìtàn dé nígbà tí ohùn ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, tó nípọn, tó ń fà: "À... kààà... nníí... o tiii... jẹuuun?"

Pátá nìkan ló wà ní ìdí mi nígbà tí mo já síta. Ìyá Ràfíù, aládùúgbò wa, ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà.

"Kí ló ń lé ẹ, akọni?"

"Ìyá mi ni, mà."

"Ìyá ẹ tó wà ní Ibafo?"

"Ó wà nínú rédíò. Òkú ti gba ohùn ẹ̀."

"Aúsù bílláhì!" Ó gbé ìgbálẹ̀, ó wọlé lọ bá rédíò jà. Nígbà tó jáde, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè nàró. "Òkúta ló kú, Àkànní! Òkúta!"

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò padà wọlé. Ẹ̀gbẹ́ iná Ìyá Ràfíù ni ìyá mi ti bá mi, omijé lójú.

Kò pariwo. Ó ní, "Ohùn èmi náà ló wá ń bà ẹ́ lẹ́rù?" Ìyá Ràfíù bẹ̀ ẹ́ pé, "Ẹ máa fi í sọ́dọ̀ mi, Ìyá Àkànní, ọmọ mi náà ni." Ìyá mi ní rárá, òun ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Ibogun. Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ kò burú, àmọ́ kì í sọ̀rọ̀, kò sì ní rédíò. Nígbà tí mo wálé fún ọlidé, mo wá kásẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ti gba wàásù lé e lórí.

Mo ti máa ń fi ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù bà á, ọ̀dọ̀ èèyàn ló sá lọ, ó sì mọ orúkọ ẹni tó ń sá tọ̀. Èmi àgbàlagbà, bí ìwé bá parí tí ilé dákẹ́, ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù, mo ń wá òǹkàwé mìíràn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ké bí ewúrẹ́ yẹn náà á tó. Aládùúgbò mi ń húkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ọdún mélòó kan rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ, n kò sì tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀.