Jìtá Ṣíwọlá Tí Ìjọ Kò Gbọ́

Bí èèyàn bá wọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá ní Downsview lókè òkun lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ṣíwọlá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá: ọkùnrin gíga, jìtá pupa láyà, ojú dídì, òógùn ń bọ́ tótó. Ayé ológun ló lé e kúrò n'Íbàdàn. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Pickering ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, "Oníjìtá ni mí" ló máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìdẹ̀raolúwa, ń wo fídíò ìsìn lórí fóònù ní pálọ̀ wọn ládùúgbò Jane and Finch. Ó ní, "Daddy, I can see you, but I can't hear you."

"Yí i sókè."

Ó yí i sókè. Ìlù ń dún, dùùrù ń dún, ohùn àwọn akọrin ń lọ geere. Ọwọ́ Ṣíwọlá ń lọ ń bọ̀ lórí okùn, ṣùgbọ́n ohùn jìtá kankan kò sí ńbẹ̀.

Ó rò pé wáyà ló bàjẹ́. Lọ́jọ́ ìgbáradì, ó lọ bá Gbóyèga, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn. Gbóyèga dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wáyà ò bàjẹ́. Àwa la máa ń pa ohùn jìtá yín. Inú earphone tí ẹ máa ń fi sétí nìkan la máa ń fi sí."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, sà."

Ṣíwọlá wojú àwọn akọrin. Ọlárónkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó wà láàárín wọn, tẹjú mọ́lẹ̀. Àṣé gbogbo wọn ló mọ̀! Gbogbo òógùn yẹn, gbogbo ojú dídì yẹn, òun nìkan ló ń ta jìtá fún ara rẹ̀.

Nínú mọ́tò, Ọlárónkẹ́ ní, "Daddy Ìdẹ̀ra, wọ́n ní kí n bá yín sọ ọ́. Ẹnu mi ò gbà á. Inú yín máa ń dùn jù tí ẹ bá gbé jìtá yẹn."

Ṣíwọlá pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ní shift ibi iṣẹ́ ò gba òun láyè. Tó bá rí ọmọ ìjọ ní ṣọ́ọ̀bù, á yà gba ibòmíì. Nígbà tó yá, ó pe Gbóyèga sílé.

"Sọ òótọ́ fún mi. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?"

"Ẹ kì í sinmi, sà. Gbogbo okùn ló ń ké pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Kò sáàyè fún ẹlòmíì." Ó gbé jìtá. "Ẹ tẹ okùn, ẹ ta á. Ẹ wá dẹ ọwọ́ òsì, kó kàn fara lé okùn lásán. Ẹ tún ta á."

Ohùn gbígbẹ kan jáde, ṣẹ̀kẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ lu ẹní. Gbóyèga fi í sáàárín èyí tó ń dún: ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-gbin, ṣẹ̀kẹ̀-gbin. Orin tí Ṣíwọlá ti mọ̀ láti kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ṣíwọlá gba jìtá. Ìka tí títẹ̀ ti mọ́ lára kò mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ̀. Níbi tó yẹ kó pa ohùn, ńṣe ló ń ké. Ojú ń tì í, síbẹ̀ kò gbé jìtá sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó padà, Gbóyèga ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọ. Ṣíwọlá ò wọ earphone, kò sì dijú. Ó ta díẹ̀, ó pa díẹ̀. Nínú àlàfo tó fi sílẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn Ọlárónkẹ́, tín-ín-rín, tó mọ́ gaara. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń dúró lórí pèpéle yẹn, kò gbọ́ ọ rí. Ojú wá tì í ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Dáramọ́lá, ìyá àgbà tó máa ń jókòó níwájú, fi ọ̀pá pè é.

"Ṣíwọlá, àṣé o mọ jìtá ta! Mo rò pé o kàn máa ń gbé e dání ni. Ìgbà wo lo kọ́ ọ?"

Àwọn tó wà nítòsí gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣíwọlá dọ̀bálẹ̀ fún un.

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, mà."