Ìràwọ̀ Tí Màmá Gbé Lọ sí Ìbèṣè

Òórùn làfún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú omi ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí agbolé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ní Ayétòrò, kí ajá tó gbó, kí ọmọdé tó sáré pàdé ẹ. Ó kan, ó wọni nímú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé nígbà tí mo wà ní yunifásítì, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá mọ ọjọ́ tí mo bá tilé dé kí n tó lanu. Orí àpáta ńlá kan lẹ́yìn ilé ni Màmá ń sá a sí, èérún funfun káàkiri lórí òkúta dúdú, bí ìgbà tí ẹnì kan bá da ojú ọ̀run délẹ̀. Èmi tí mo kàwé nípa ojú ọ̀run fún ọdún mẹ́rin kò rí ìyẹn. Òórùn ni mo ń gbọ́.

Ọdún tí wọ́n ti bọ́dà ni mo ń sọ. Físíìsì ni mo kà, mo sì ń fi ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ìwé ẹrù ní ẹnu bọ́dà. Nígbà tí bọ́dà tì, ọ̀gá náà ti ọ́fíìsì, èmi náà kó àpótí mi, ó di ọ̀dọ̀ Màmá. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí n sinmi díẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo sinmi títí ìsinmi fi di iṣẹ́ mi.

Abẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà ni ibi iṣẹ́ náà. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn ọkùnrin tí bọ́dà ti mọ́lé a péjọ síbẹ̀. Dẹ́rébà kan wà nínú wọn, aládùúgbò wa tó ń fi tírélà kó sìmẹ́ńtì ní Ìbèṣè, tí wọn kì í sábà pè síṣẹ́ mọ́. Ọnọrébù náà wà níbẹ̀, ẹni tó ṣe káńsílọ̀ fún sáà kan péré nígbà kan, ṣùgbọ́n tí oyè náà kọ̀ tí kò bọ́ lára rẹ̀, tó jẹ́ pé bí ó bá fẹ́ tọrọ omi mu, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò fún àtìlẹ́yìn wọn. Purofẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n wá ń pè ní Purofẹ́sọ̀, kí lo fẹ́ kó ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́kíṣọ̀.

Mo sọ fún wọn nípa ìràwọ̀ tó kú, tó rún mọ́ra títí kò fi tóbi ju ìlú kan lọ, tí ẹ̀kún ṣíbí kan rẹ̀ wúwo ju òkè lọ, síbẹ̀ tó ń yí bí òkòtó, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kí o tó ṣẹ́jú. Mo sọ nípa àwọn ayé tí kò ní oòrùn, tí wọ́n ń rìn gbéregbère nínú òkùnkùn bí ọmọ òrukàn. Mo sọ nípa ibi tí òjò dígí ti ń rọ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ ní ìbú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ihò dúdú: ìràwọ̀ ńlá tó wó sínú ara rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá bá wọ ibẹ̀ tí kò lè jáde, tó máa ń fa ènìyàn gùn bí okùn kó tó gbé e mì. Bí mo bá rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, mo máa ń bù kún un. Lọ́jọ́ kan, mo ní àwọn kan nínú ihò wọ̀nyí kò dúró sójú kan, pé wọ́n ń rìn.

Ọnọrébù dìde lọ́jọ́ náà. "Ìjọba gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ti bọ́dà ilẹ̀ yìí, kí wọ́n ti ti òkè náà."

A rẹ́rìn-ín. Màmá jókòó lẹ́bàá ògiri, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Òun kò rẹ́rìn-ín, èmi kò sì kíyè sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i pé àwọn ìdì igi ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí wọ́n gbìn ṣì wà lábẹ́ òjìji, tí èèpo wọn ti ń hunjọ. Òjò àròkúrò ti fẹ́ parí. Bí igi náà bá gbẹ, a ò ní rí ẹ̀gẹ́ wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ yẹn sì ni gbogbo wa ń jẹ láti ìgbà tí bọ́dà ti tì, àti èmi Purofẹ́sọ̀.

"Màmá, ẹ ò tíì gbin igi yìí?"

"Kí n gbìn ín fún ta ni?" ó ní. "Ọkọ mi, ẹ̀gẹ́ á lo ọdún kan ó lé nínú ilẹ̀. Ìwọ lo ní ihò kan ń bẹ tó ń gbé ìràwọ̀ mì, tó sì ń rìn. Ìwọ náà lo ní ìràwọ̀ ni oòrùn. Ṣé kí n máa kọ ebè sílẹ̀ de ihò ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ó ti dá àwọn alágbàro padà, ó sì ti lọ bẹ orogún rẹ̀ pé kó fojú fo gbogbo ohun tó ti kọjá. Ogún ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń wo ara wọn bí ológbò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo to òdo tẹ̀lé òdo, mo da gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ó gbọ́ mi tán. "Ẹnu tí o fi pè é náà lo fẹ́ fi lé e?" ó ní, ó sì wọlé lọ kírun.

N kò mọ ohun tí n óò ṣe mọ́, mo bá lọ sẹ́yìn ilé. Mo jókòó lórí àpáta láàárín làfún. Èérún kan lẹ̀ mọ́ mi níka, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo wò ó títí. Mo wá yọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kan nínú àpò mi, mo sì fi pẹ́ńsù ṣírò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí lẹ́tà náà rí ṣe láyé nìyẹn. Mo ké sí Màmá.

"Ká ní oòrùn ni èérún yìí," mo ní. "Ayé wa ń bẹ níbí, ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Ó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Níbo lẹ rò pé oòrùn mìíràn tó sún mọ́ wa jù wà?"

Ó tọ́ka sí etí àpáta. Mo ní rárá.

"Ẹ̀yìnkùlé Ọnọrébù?"

"Ìbèṣè ni, Màmá."

"Irọ́!"

Màmá kì í gba ọ̀nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ gbọ́. Ó mú èérún mìíràn, ó dì í sí etí ìró rẹ̀, ó so ó ní kókó. "Mú mi débẹ̀," ó ní.

Ọlọ́run ṣe é, wọ́n pe dẹ́rébà láti wá kó ẹrù lọ́jọ́ kejì. A bá a jókòó níwájú tírélà. Bí a bá ti dé ibi kòtò tí ọkọ̀ rọra ń lọ, Màmá á béèrè pé, "Kí ló wà níbí?" Èmi á ní, "Kò sí nǹkan kan, Màmá. Òfìfo ni." A kọjá oko gẹdú, a kọjá oko ẹ̀gẹ́, a kọjá abúlé méjì. Òfìfo ni.

Níwájú, wọ́n dá wa dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù kan gbójú sókè wò wá. "Ìyá, ẹ kú ìrìn. Kí lẹ dì sétí ìró yẹn?"

"Ìràwọ̀ ni," Màmá wí.

Ó wo dẹ́rébà, ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u." Màmá tú u. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gun àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fẹjú. "Ìrẹsì òkèèrè ni?"

"Òkèèrè ni," Màmá ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrẹsì."

Dẹ́rébà gbórí lé ọwọ́ ọkọ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Èmi ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú oòrùn gangan, láti ṣàlàyé àgbáńlá ayé fún ọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Lẹ́kíṣọ̀ tó dára jù tí mo ṣe rí nìyẹn, nítorí pé ẹ̀rù bà mí láti lo ọ̀rọ̀ ńlá kankan. Ó tẹ́tí. Ó béèrè ohun tí n kò retí: "Ihò dúdú tí wọ́n ń wí wá ńkọ́?"

"Ọ̀gá, bí oòrùn yìí bá wà ní Ayétòrò, ẹ lọ Mẹ́kà, ẹ padà wálé, ẹ ò tíì dé ìdí èyí tó sún mọ́ wa jù nínú èyí tí a mọ̀."

Mo gbọ́ tí Màmá mí kanlẹ̀ lókè. Alhaja ni, ó mọ bí Mẹ́kà ti jìnnà tó.

"Ìyá," ọ̀gá náà ní, "ẹ máa gbé ìràwọ̀ yín lọ."

Ní Ìbèṣè, eruku funfun bo ewé, ó bo òrùlé, ó bo irun ojú àwọn ọlọ́kadà. Màmá gbé èérún rẹ̀ sórí òkúta kan létí ọ̀nà. Ó yíjú padà sí ọ̀nà Ayétòrò.

"Láti ibí yìí délé, kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí, Màmá."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di apá mi mú. "Ààyè tí Ọlọ́run fún wa yìí pọ̀ tó báyìí, o sì jẹ́ kí n lọ bẹ orogún mi! Ó yá, dá mi padà. Igi ẹ̀gẹ́ mi ti ń gbẹ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wa lóko. Purofẹ́sọ̀ ló ń kọ ebè, ọwọ́ mi bó yánnayànna. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò rọ̀ bí ẹni pé a ránṣẹ́ sí i. Lábẹ́ máńgòrò, Ọnọrébù tún fẹ́ dá ọ̀rọ̀ ihò sílẹ̀. Màmá kò jẹ́ kó parí. "Àpò ìrẹsì kan ò rí ọ̀nà kọjá lójú àwọn ọmọ kọ́sítọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn," ó ní, "ihò ni yóò wá kọjá! Ọnọrébù, jókòó."

Ó jókòó.

Nígbà tí a wa ẹ̀gẹ́ yẹn, àpáta kò gbà á tán. A sá lára rẹ̀ sórí àpò títí dé ẹnu ọ̀nà. Orogún Màmá wà lára àwọn tó bó o, nítorí ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ kò ṣeé gbà padà. Olùkọ́ ni mí nísinsìnyí, ní Ìlaròó. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ló lè fi ọ̀run dẹ́rù bani, kò gba dìgírì. Ohun tó le ni kí a fi ẹsẹ̀ ẹni wọn bí ó ti jìnnà tó, kí a sì rí i pé òfìfo tó ń bà wá lẹ́rù yẹn gan-an ni ọgbà tó yí oko wa ká. Màmá kò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ládùúgbò bá ní òun ń lọ sí Ìbèṣè, ohun tó máa ń wí kò ju ẹyọ kan lọ: "Bá mi bojú wo ìràwọ̀ mi létí ọ̀nà, bóyá ó ṣì jìnnà."